Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A TI Í FI AṢỌ ONÍPÁŃẸ́Ẹ̀LÌ BẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ KÚÍLÌTÌ

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn tí ń ta aṣọ nínú wa àti àwọn télọ̀ wa ti ń bi wá léèrè nípa aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní páńẹ́ẹ̀lì. Aṣọ náà ni èyí tí wọ́n tẹ odindi àwòrán kan sí, tó ní àárín, tó sì ní etí, tí kò dà bí ankárá tí àwòrán kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ yáàdì títí dé òpin. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ń fi í rán aṣọ ìbora tó nípọn tí àwọn òyìnbó ń pè ní kúílìtì. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé ẹni tí kò rán irú rẹ̀ rí lè dáwọ́ lé e? Ṣé owó wà níbẹ̀? A ó dáhùn méjèèjì. Ti owó ni a ó fi kẹ́yìn, nítorí ẹni tí kò tíì mọ iye aṣọ àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kan ń gbà kò lè sọ èrè orí rẹ̀.

Kúílìtì kò ju aṣọ mẹ́ta tí a tẹ́ lé ara wọn lọ. Ti òkè ni ojú rẹ̀, èyí tí àwòrán wà. Ti àárín ni ìkúnnú, ìyẹn òwú tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń tà ní yáàdì, tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó ti gbó díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni aṣọ ẹ̀yìn. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá káàkiri kí wọ́n má baà yẹ̀ lórí ara wọn. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa mọ̀ pé kíkó aṣọ oríṣiríṣi jọ sójú kan kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ìkúnnú àárín yẹn àti abẹ́rẹ́ tó gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá ni tiwọn fi yàtọ̀.

Kí ló dé tí a fi ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi páńẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀? Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Kúílìtì tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń ṣe, aṣọ kéékèèké ni wọ́n máa ń gé, nígbà mìíràn ó lè lé ní igba, wọn a sì rán wọn mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì kan péré ṣìnà ní ojú rírán kan, ẹ ò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rírán mẹ́rìndínlógún bá wà ní ìlà kan, tí ẹ sì ń ṣìnà bẹ́ẹ̀ síhà kan náà nínú gbogbo wọn, ìlà yẹn yóò fi ínǹṣì 2 gbáko yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ká iṣẹ́ sínú àpótí tí wọn kì í padà sí i mọ́. Ti páńẹ́ẹ̀lì, àwọn tó tẹ aṣọ ti bá yín to àwòrán náà. Ojú rírán mẹ́rin péré ni yóò kù fún yín lójú aṣọ, láti fi aṣọ etí yí i ká.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1810, nígbà tí Ọba George Kẹta pé àádọ́ta ọdún lórí oyè, wọ́n tẹ páńẹ́ẹ̀lì fún àjọyọ̀ náà, àwọn obìnrin sì fi í sí àárín aṣọ ìbora, wọ́n fi àjákù aṣọ yí i ká. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ nígbà tí ọ̀gágun Wellington ṣẹ́gun ní Vittoria lọ́dún 1813. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1876, nígbà tí òmìnira wọn pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Áńkáṣíìfù tí wọ́n tẹ̀ fún ọdún náà ni wọ́n rán mọ́ kúílìtì. Àwa náà kò sì sùn. Àwọn aláró wa ṣe àdìrẹ tí a mọ̀ sí Olọ́ba ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún àti olorì rẹ̀ pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè, wọ́n sì fi àwòrán àwọn méjèèjì sí àárín rẹ̀. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, páńẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Èyí tó wà nílé wa pọ̀ ju èyí tó ti òkè òkun wá lọ. Àkọ́kọ́ ni ankárá òkú, ti oyè, ti àyájọ́ ìjọ, tí wọ́n tẹ fọ́tò ẹni náà sínú òbìrìkìtì kan. Èkejì ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, pàápàá Ìbàdàndùn, tó pín sí ojú ilé mẹ́rin-mẹ́rin, tí ẹ ó rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 nínú rẹ̀. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan nínú àdìrẹ yẹn lè dá dúró bíi páńẹ́ẹ̀lì kékeré, fún tìmùtìmù tàbí fún aṣọ orí tábìlì. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọdé, tó ní ẹranko àti álífábẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń kó wọlé. Èyí ló rọrùn jù láti fi kọ́ṣẹ́, nítorí bó bá bàjẹ́, ẹ lè ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa dé ibi tó gba ìṣọ́ra jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ankárá òkú òbí wọn wá fún télọ̀ pé kí ó bá àwọn fi ṣe aṣọ ìbora tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò máa rí. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé aṣọ yẹn ti lè di ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú ìdílé. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kò ní í tún un tẹ̀ nítorí yáàdì kan. Bí ẹ bá gé e ṣì, kò sí ọjà tí ẹ ó lọ tí ẹ ó ti rí àrọ́pò rẹ̀, owó tí ẹ bá sì dá padà kò lè tu oníbàárà nínú. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì rán kúílìtì mẹ́ta parí kò gbọdọ̀ gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó ti wù kí wọ́n rọ̀ yín tó, ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ ṣe wàyí. Ohun àkọ́kọ́ ni fífọ̀. Ẹ bu omi tútù, ẹ fọ páńẹ́ẹ̀lì, aṣọ etí àti aṣọ ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aṣọ òwú máa ń sún kì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń sún kì bákan náà. Bí ẹ bá rán wọn pọ̀ láìfọ̀, ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ni ojú rẹ̀ yóò hunjọ. Ti àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ ibi tó dúdú jù tàbí tó pọ́n jù lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e díẹ̀. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ funfun yẹn, ẹ tún un fọ̀, kí ẹ tún un dán wò, títí tí kò fi ní í ràn mọ́. Àwọn kan máa ń ní ká da iyọ̀ sí omi. Iyọ̀ kò lè dá àwọ̀ dúró lára aṣọ tí wọn kò ti tẹ̀ dáadáa níbi iṣẹ́ wọn, ẹ má gbójú lé e. Ní ti àdìrẹ tuntun, aró rẹ̀ máa ń ran ọwọ́ pàápàá. Ọ̀kan nínú wa rí aṣọ ìbora kan tí wọ́n fi àdìrẹ àti funfun báláú ṣe. Ó wuni lójú púpọ̀ títí dìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, ni funfun bá di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi àdìrẹ kọ́ṣẹ́, kó fi aṣọ búlúù tàbí dúdú ṣe etí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀.

Bí ó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù sókè kí ẹ tún gbé e kalẹ̀ síbòmíràn, ẹ má wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ bí ìgbà tí ẹ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, nítorí wíwọ́ yẹn ló ń fa páńẹ́ẹ̀lì gùn síhà kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn onítẹ̀ aṣọ kì í sábà tẹ̀ ẹ́ gún régé. Òwú aṣọ ń lọ síhà kan, ìlà àwòrán ń lọ síhà kejì. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun òkè apá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ apá òsì, kí ẹ tún wọn ti òdìkejì. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, igun rẹ̀ gún. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí ẹni méjì di igun méjì tí ó kúrú sí ara wọn mú, kí wọ́n fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì tún un lọ̀ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Ó sábà máa ń gbọ́. Èyí tí kò bá gbọ́ rárá, ẹ tẹ̀lé ìlà àwòrán láti gé e, ẹ fi òwú aṣọ sílẹ̀, torí àwòrán ni ojú ènìyàn yóò máa rí.

Nígbà gígé, ẹ fi ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà etí àwòrán. Ìdá mẹ́rin yìí ni rírán yóò jẹ. Ẹni tó bá gé e lórí ìlà gan-an yóò rí i pé rírán ti jẹ nínú àwòrán, ìrù kìnnìún á lọ, tàbí fìlà bàbá á dín kù. Àwọn télọ̀ wa ni a ń bá wí jù níhìn-ín o, nítorí ìdajì ínǹṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ̀ láti máa fi sílẹ̀ nínú bùbá àti gáùn. Nínú kúílìtì, ìdá mẹ́rin ni, kò sì gbọdọ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká fi páńẹ́ẹ̀lì ọmọdé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní nígbà tí ẹ gé e tán, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 23½, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 41½. Aṣọ etí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4½ ni a ó fi yí i ká. Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ẹ ó kọ́kọ́ rán, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn tó ínǹṣì 41½. Bí ẹ bá rán wọn mọ́ ọn tán, ìbú gbogbo rẹ̀ á di ínǹṣì 31½. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn tó ínǹṣì 31½, odindi rẹ̀ á sì wá jẹ́ ínǹṣì 31½ sí 49½. Ó tó ọmọ jòjòló bora fún ọdún mélòó kan.

Ẹ dúró níbi aṣọ etí yìí díẹ̀ ná. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ya aṣọ gígùn kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá gé èyí tó bá kù dànù ní ìparí. Kò dára. Máṣíìnì máa ń ti aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ síra, bí ẹ bá sì fi máa dé òpin, ẹ̀gbẹ́ kan á ti gùn ju èkejì lọ, kúílìtì á máa wú fìrìfìrì ní etí bí etí gèlè tí kò ní ìdè. Ẹ wọn páńẹ́ẹ̀lì láàárín gbùngbùn rẹ̀, kí ẹ gé aṣọ etí méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà, kí ẹ fi pínnì mú ìpẹ̀kun méjèèjì àti àárín, kí ẹ wá rán an. Bí páńẹ́ẹ̀lì bá gùn jù ú lọ díẹ̀, ẹ fi ìhà páńẹ́ẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá eyín máṣíìnì, yóò bá yín kó èyí tó lé jọ.

Iye aṣọ tí èyí gbà kò pọ̀. Yáàdì 1 ankárá tí ìbú rẹ̀ tó ínǹṣì 46 yóò tó fún aṣọ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì kù èyí tí ẹ ó gé sí ọ̀já márùn-ún oní-ínǹṣì 2½ láti fi pa etí rẹ̀ dé. Yáàdì 1¾ ni ti aṣọ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkúnnú. Aṣọ ẹ̀yìn àti ìkúnnú gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 4 ju ojú lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí nígbà tí ẹ bá ń rán an, wọ́n máa ń fà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àjákù aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, àsìkò yín rèé. Yáàdì kan tí kò sí ẹni tó fẹ́ rà á mọ́ lè di aṣọ etí tó gbayì. Ní ti ìkúnnú, ilẹ̀ wa gbóná, ẹ má ra èyí tó nípọn bíi ti àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí. Fẹ́lẹ́ ló yẹ wá, ó sì tún rọrùn fún máṣíìnì.

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó mọ́, kí ojú rẹ̀ dojú bolẹ̀, kí ẹ fi tépù lẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ìkúnnú lé e, kí ẹ wá tẹ́ ojú rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi pínnì onídè gún un káàkiri, kí àlàfo wọn má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àárín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán, kí ẹ máa rán lọ sí etí. Ẹni tó bá ti etí bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìhunjọ ni yóò kó jọ sí àárín, níbi tí àwòrán wà. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ gùn ju ti aṣọ wíwọ̀ lọ díẹ̀. Ìlà wo ni ẹ ó rán? Àwòrán náà yóò sọ fún yín: ẹ máa tẹ̀lé etí ẹranko, etí ilé, etí igi. Ti àdìrẹ, àwọn ìlà tó pín ojú ilé náà ti wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ènìyàn, ẹ rán yí orí àti èjìká rẹ̀ ká, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gba ojú tàbí imú kọjá. Kò sí ọmọ tí yóò fẹ́ rí òwú gbọọrọ lójú bàbá rẹ̀.

Ọ̀já etí kò gba àlàyé púpọ̀ fún ẹni tó ti ń rán aṣọ. Ẹ so ọ̀já máràrùn-ún pọ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní gígùn, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ rán an mọ́ ojú, kí ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ gbẹ̀mú un.

A ti dé orí owó. Ẹ gbọ́ ìtàn àwọn kan ná. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní 1966, wọ́n pè é ní Freedom Quilting Bee. Estelle Witherspoon wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Kúílìtì tí wọ́n ń rán nílé láti fi gba òtútù ni wọ́n kó jọ tà ní New York. Ohun tó yẹ ká fiyè sí ni pé kúílìtì nìkan kò bọ́ wọn. Ní 1972, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé ìtajà Sears láti máa rán ìbòrí tìmùtìmù, iṣẹ́ kékeré tó ń lọ déédéé yẹn sì ran owó oṣù wọn lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní 2012. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi èyí ṣòwò, kó ṣírò rẹ̀ tọkàntọkàn. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí: ká ní gbogbo aṣọ, ìkúnnú, òwú, pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦20,000, tí ẹ sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Oníbàárà san ₦28,000. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ á ní òun jèrè ₦8,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, kò tó ₦2,700 lójúmọ́. Bí ẹ bá lè rí ₦5,000 lójúmọ́ nídìí gáùn rírán, ẹ ti pàdánù, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Iye tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dá ni ₦35,000, kí a tó wá máa sọ̀rọ̀ èrè. Bí ọjà yín kò bá lè san irú owó yẹn, ẹ fi ojú ilé àdìrẹ ṣe ìbòrí tìmùtìmù. Aṣọ díẹ̀ ló ń gbà, ẹ sì lè rán mélòó kan lójúmọ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa ta páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ìgbà rẹ̀ ń kọjá. Ti Kérésìmesì kì í tà ní Fẹ́búárì. Ti olóṣèlú lẹ́yìn ìbò, ẹ ó kàn máa fi í nu tábìlì ni, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé. Ti ọmọdé àti ti àdìrẹ kì í kú sọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí àyálò fún iṣẹ́ yìí. A kò ní í yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra páńẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ bí kò bá tíì rán méjì parí, kó sì ti ta ọ̀kan ó kéré tán. Kí ó mú èyí tó kù wá, pẹ̀lú ìwé tí ó kọ iye owó àti iye ọjọ́ tó ná sí. Onígbọ̀wọ́ méjì ni, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akápò.